Ẹnìkan Tí Bàbá Àgbọ́ìgbọ́tán Kò Kà Á Fún

Lọ́jọ́ tí a ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ bàbá bàbá mi ní Èrúwà, ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n dìde láàárín àwọn àlùfáà, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Ilé iṣẹ́ wa kò ní gbàgbé Bàbá Àgbọ́ìgbọ́tán láéláé." Gbogbo abẹ́ àtíbàbà ṣe àmín. Èmi ò ṣe. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe. Bí ẹnìkan bá ní òun ò ní gbàgbé nǹkan, mo máa ń fẹ́ mọ ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí.

Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, mo lọ jókòó tì í. Mo ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ wá, sà. Àwọn eré Bàbá ńkọ́? Ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tó fi ń ṣe é lọ́dọ̀ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Ó mu omi. Ó ní, "A ti lò wọ́n."

"Ẹ lò wọ́n báwo?"

"Tépù wọ́n nígbà yẹn. Tí a bá ti fi eré hàn tán, a máa ń gba nǹkan mìíràn lé e lórí." Ó nu ọwọ́. "Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín."

Ọ̀kan wà lọ́wọ́ wa lóòótọ́. Kásẹ́ẹ̀tì fídíò dúdú kan ni, tí ọ̀rẹ́ bàbá mi kan tó ní ẹ̀rọ fídíò gbà sílẹ̀ nígbà tí eré náà ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú gbogbo ohun tí Bàbá ṣe, òun nìkan ṣoṣo ló kù láyé. Ọ̀gá náà fẹ́ kí n fún òun, kí wọ́n lè fi hàn ní Sátidé láti fi bu ọlá fún olóògbé. Mo ní kó fún mi di ọjọ́ Jímọ̀ọ̀.

Ó rò pé mo fẹ́ dúnàá-dúrà ni. Kò mọ̀ pé obìnrin kan wà ní Ayétẹ̀ tí eré inú kásẹ́ẹ̀tì yẹn lé kúrò nílùú wọn. Kò sì mọ̀ pé bàbá mi àgbà, tó ní òfin tó le jù tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu aláwàdà, rú òfin náà lẹ́ẹ̀kan péré, orí obìnrin yìí ló sì rú u lé.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò bá eré náà láyé, Yésúfù Àkànó lorúkọ bàbá mi àgbà. Àgbẹ̀ ni. Èrúwà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló kú sí. Òun ló ń kọ eré náà, òun náà ló ń ṣe Bàbá Àgbọ́ìgbọ́tán nínú rẹ̀, ìyẹn bàbá kan tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin kó tó gbé e sáré. Fìlà abetí-ajá kan ló máa ń dé, etí kan dúró lókè, èkejì wọ́ sílẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu, á na ọwọ́ sókè, á ní, "Mo ti gbọ́! Èyí tó kù, n ó gbọ́ ọ lọ́nà." Ó ti jáde nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kan, ó gbọ́ tí ìyàwó aládùúgbò rẹ̀ ń ké pé, "Ó ti lọ! Ó ti lọ!" Kò dúró gbọ́ pé ewúrẹ́ ló lọ. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, wọ́n gbẹ́ sàréè. Nígbà tí aládùúgbò náà dé láti ibi tó ti ń wá ewúrẹ́, ó bá èrò rẹpẹtẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ní, "Ta ló kú?" Bàbá Àgbọ́ìgbọ́tán fọwọ́ gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́, ó ní, "Fọkàn balẹ̀. Ìwọ ni."

Nílé, kì í pa wá lẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ máa ń le bí ojú ẹni tó ń ṣírò. Ní gáréèjì Èrúwà lọ́jọ́ kan, obìnrin kan rọ̀ mọ́ ọn lápá pé, "Bàbá Àgbọ́ìgbọ́tán, ẹ pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀, kí mọ́tò wa tó kún." Mo wà níbẹ̀, mo di apá rẹ̀ kejì mú. Bàbá wo obìnrin náà títí, ó ní, "Ìyàwó, tí o bá pàdé bíríkìlà lọ́nà, ṣé o máa ń ní kó mọ ilé díẹ̀ fún ọ?"

Ibi tó ti ń rí eré rẹ̀ kì í ṣe inú orí rẹ̀. Ilé ẹ̀rọ gàrí tó wà lọ́nà Lánlátẹ̀ ni. Ó máa ń gbé àpótí ìjókòó lọ síbẹ̀ láàárọ̀, á mú ọ̀bẹ, á jókòó sáàárín àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́, á sì máa bó tiẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀. Màmá Sìkírà, tó jẹ́ olórí wọn níbẹ̀ títí di òní, sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ní ìbẹ̀rẹ̀, a rò pé ìyàwó rẹ̀ ló lé e jáde nílé. Ta ló rí ọkùnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ láìjẹ́ pé ó ṣẹ̀? Àṣé bó ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ ló ń bó ọ̀rọ̀ wa. Èèpo la máa ń bá nílẹ̀ tó bá lọ tán."

Ṣùgbọ́n kì í jí ọ̀rọ̀ ẹni lọ. Òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nìyí. Bó bá ti fi pẹ́ńsù kọ eré kan tán sínú ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé, yóò gun ọ̀kadà lọ sílé ẹni tó ti ẹnu rẹ̀ gbọ́ ọ. Yóò yọ fìlà, yóò jókòó, yóò sì ka gbogbo rẹ̀ sí onítọ̀hún létí, pẹ̀lú ohùn ọkùnrin, ohùn obìnrin àti ohùn ewúrẹ́. Bí onítọ̀hún bá rẹ́rìn-ín, Bàbá á fi báírò fa òbìrí roboto sísàlẹ̀ ojú ìwé, á kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, á fi yíǹkì pa á ní àtàǹpàkò, á ní kó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, Bàbá á ya ojú ìwé náà níṣojú rẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀. Màmá Sìkírà fi àtàǹpàkò rẹ̀ hàn mí, bí ẹni pé yíǹkì ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ohun tí Bàbá máa ń wí nígbà tó bá ń nù ún fún wọn nìyí: "Ẹni tí a fẹ́ fi ṣe ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín."

Bàbá Múdà, onígbàjámọ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí kò rín. Bàbá ti kọ eré kan nípa onígbàjámọ̀ tó fá orí oníbàárà dé ìdajì, tó wá rántí pé oníbàárà yìí ló gba ìyàwó àfẹ́sọ́nà òun lọ́jọ́sí. Bàbá Ràfíù, tó máa ń ṣe aládùúgbò nínú eré náà, sọ pé nínú gbogbo èyí tí Bàbá kọ, kò sí èyí tó tó o. Mo bi Bàbá Múdà ìdí tí kò fi rẹ́rìn-ín. Ó gbé abẹ kúrò lórí ẹni tó ń fá lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀rín ń pa mí, Ràlíátù. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi jókòó síbẹ̀, ojú mi ló ń wò." Bàbá ya eré náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kò fẹ́ràn òfin yìí. Ó ń dá wọn dúró. Ọ̀gá wọn kan nígbà náà tiẹ̀ ní kí Bàbá fi ìrọ̀rí sẹ́yìn lábẹ́ agbádá, kó di abuké, ó ní àwọn èèyàn á rín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Ràfíù wà nínú yàrá náà. Ó ní, "Bàbá yín ṣí fìlà, ó gbé e ka orí tábìlì ọ̀gá. Ó ní, 'Ẹ mú abuké kan wá kí n kà á fún un. Tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ gbé ìrọ̀rí yín wá.' Wọn ò mú ẹnikẹ́ni wá."

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí inú ń bí mi sí. Kì í ṣe aláìmọ̀kan. Bó bá jẹ́ òpè ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Bàbá fúnra rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé wọ́n ń pa òun rẹ́. Lẹ́yìn tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó wọkọ̀ lọ bá wọn pé kí wọ́n fún òun ní ọ̀kan péré, kí òun lè máa fi han àwọn ẹgbẹ́ òun. Wọ́n gbé tépù kan tí orúkọ rẹ̀ wà lára páálí sẹ́nu ẹ̀rọ. Ìgbéyàwó ọmọ olóṣèlú kan ló wà nínú rẹ̀. Ó jókòó, ó wo ìgbéyàwó náà tán, ìyàwó, ọkọ, kéèkì, gbogbo rẹ̀. Nígbà tó parí, eré àtijọ́ tí wọn ò tíì pa tán yọ díẹ̀ ní ìparí. Ó sọ fún wa nígbà tó dé pé, "Mo rí etí fìlà mi. Èyí tó wọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ṣókùnkùn."

Nígbà tí ọ̀gá yẹn sọ fún mi lábẹ́ àtíbàbà pé àwọn ti lò wọ́n, etí fìlà yẹn ni mo rántí. Tó bá jẹ́ pé kásẹ́ẹ̀tì mìíràn ló kù, tó bá jẹ́ ti sàréè àti ewúrẹ́, ǹ bá gbé e lé e lọ́wọ́ kó tó fọ ọwọ́ oúnjẹ tán.

Èyí tó kù wá jẹ́ ti ìbejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò gùn. Bàbá mi, Mùfútáù, ń fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Igbó-Ọrà tó ń jẹ́ Kẹ́hìndé. Òun ló padà di ìyá mi. Ó ní ìkejì, Táyé, ojú kan náà, ìdúró kan náà, aṣọ kan náà ni ìyá wọn sì máa ń rán fún wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, bàbá mi kó búrẹ́dì àti ọsàn dání, ó lọ kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ojú ń tì í, kò gbé orí sókè. Gbogbo ohun tó ti ń há sórí láti bí oṣù mélòó kan, ó sọ ọ́ fún ọmọbìnrin tó bá nínú pálọ̀. Táyé ni. Nígbà tó mọ àṣìṣe rẹ̀, ó wá sílé, ó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀ bí ẹ̀fẹ̀, wọ́n jọ rín in. Ní Igbó-Ọrà, tí o bá pe Táyé lójú títì, ilé mẹ́ta ló máa dáhùn; ilé wo ni irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí? Ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí Bàbá ya eré onígbàjámọ̀, mọ́tò ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n dé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ láti gbé wọn lọ gba eré sílẹ̀. Kò sí eré nílẹ̀. Bàbá Ràfíù ló sọ èyí tó kù fún mi, orí ilẹ̀ ló sì ń wò bó ṣe ń sọ ọ́: "Ó ní kí dírẹ́bà lọ jẹun. Ó jókòó sídìí igi máńgòrò, ó kọ ọ́ ní ìjókòó kan. Nígbà tó kà á fún mi, mo rín títí mo fi di inú mú. Mo wá bi í pé, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti kà á fún wọn ní Igbó-Ọrà?' Ó ti ń gun mọ́tò. Ó ní, 'Ará ilé wa náà ni wọ́n, wọn ò ní bínú.'"

Òun tó ń gun ọ̀kadà lọ sílé ẹni tí kò mọ̀ rí láti lọ gba ẹ̀rín rẹ̀.

Nínú eré náà, ìkejì mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n wá kí. Ọkùnrin oníṣẹ́ eré kan ló wé gèlè tó ń ṣe é, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún búrẹ́dì. Bí olólùfẹ́ bá sọ ọ̀rọ̀ dídùn kan, á gbé búrẹ́dì mì, á na ọwọ́ sí òmíràn, á ní, "Tún un sọ!" Olólùfẹ́ á tún un sọ, búrẹ́dì á tún wọlé. Ó ń pani lẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n má purọ́. Èmi náà rín in. Nígbà tí mo wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo máa ń kó àwọn ọmọ kíláàsì mi wálé, mo máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì náà hàn wọ́n. Lọ́jọ́ kan, ìyá mi wọlé, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó dúró síwájú rẹ̀ kí gbogbo wa lè rí i dáadáa. Ó ní, "Ojú ta ni ẹ fi ń rẹ́rìn-ín?"

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ní Igbó-Ọrà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí eré yẹn jáde, àwọn ọmọdé ti ń tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ́nà omi. "Táyé, tún un sọ! Táyé, tún un sọ!" Ọkùnrin kan láti Ìdèrè tó ti ń bọ̀ wá bá a kò wá mọ́, ìyá ọkùnrin náà ní òun ò lè fi wọ̀bìà ṣe ìyàwó ọmọ òun. Kí ọdún yẹn tó parí, Táyé kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó lọ sí Ayétẹ̀. Kò wá sí ìsọmọlórúkọ mi. Màmá Ayétẹ̀ la wá ń pè é. Ìyá mi ló máa ń lọ kí i. Láyé Bàbá, kò tẹ ilé wa rí.

Bàbá kò sì lọ bá a. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Wọ́n ní ìtìjú ló mú kó fi eré sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Wọ́n ní ó kábàámọ̀. Èmi kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, obìnrin náà kò sì gbọ́ ọ. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo ti dàgbà tó láti bínú. Mo ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe lọ sí Ayétẹ̀?" Ó ní, "Ọ̀nà ibẹ̀ jìn." Ọ̀nà Ayétẹ̀ kò jìn. Ọlọ́kadà máa gbé ọ débẹ̀ kí àkàrà gbígbóná tó tutù.

Ní ọjọ́ kejì àdúà, mo ṣí àpótí rẹ̀. Àwọn ìwé ìkọ̀wé náà wà níbẹ̀, wọ́n fi okùn dì wọ́n. Mo rí Màmá Sìkírà níbẹ̀, mo rí aláró, mo rí tíṣà, òbìrí kan, àtàǹpàkò kan. Mo rí ibi tó ti ya ti Bàbá Múdà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni eré ìbejì. Bàbá ti fa òbìrí sísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ti kọ "Táyé" sábẹ́ rẹ̀, ìkọ̀wé náà sì ń gbọ̀n, ìkọ̀wé arúgbó. Kò sí nǹkan kan nínú òbìrí náà.

Ó mọ̀. Ó ti fa òbìrí náà tán. Ó wá jókòó sílé.

Mo mú ìwé náà lọ bá àwọn òbí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá mi ní, "Fún wọn ní kásẹ́ẹ̀tì. Bàbá mi ni, ó yẹ kí aráyé tún rí i."

"Màmá Ayétẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti pẹ́, Ràlíátù. Èmi náà wà nínú ẹ̀, èmi rín in."

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá Ràlí, búrẹ́dì kò sí lẹ́nu tìrẹ."

Báyìí ni mo ṣe dé Ayétẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, ìwé àti kásẹ́ẹ̀tì nínú báàgì mi. Ojú ìyá mi ló jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, awò ojú lórí imú, ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé. Mo kúnlẹ̀.

"Ta ló rán ọ?"

"Ẹnikẹ́ni ò rán mi, mà."

"Mo gbọ́ pé ó kú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí Ọlọ́run forí jì í." Ó yí ẹ̀rọ náà díẹ̀. "Èmi ò tíì jì í. Jókòó."

Mo sọ ohun tí ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n fẹ́. Mo sọ òfin Bàbá fún un, mo ní bí kò bá ṣe é lójú ayé rẹ̀, èmi wá ṣe é. Ó ní, "Kà á." Mo yọ gèlè orí mi bí Bàbá ṣe máa ń yọ fìlà, mo kà á. Mi ò mọ ohùn yí bíi tiẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi búrẹ́dì, mo fẹ́ fò ó. Ó ní, "Kà á. Mo ti gbọ́ èyí tó burú ju ìyẹn lọ lẹ́nu ọmọ ọdún márùn-ún." Mo kà á tán. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣe bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Bàbá Àgbọ́ìgbọ́tán gbọ́ apá kan lóòótọ́. Ó ní òun máa gbọ́ èyí tó kù lọ́nà, àbí? Gbọ́ ọ fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ fún bàbá rẹ pé èmi kọ́ ni Kẹ́hìndé. Ó rò pé mo ń bá òun ṣeré. Ló bá bẹ̀rẹ̀. Mo dákẹ́. Ṣé o fẹ́ mọ ìdí ẹ̀? Kò sí ẹni tó bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí létí. Mi ò fọwọ́ kan búrẹ́dì. Nígbà tí Kẹ́hìndé dé, mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí bàbá rẹ ṣe sọ ọ́, mi ò yọ ọ̀kan kù, kó má baà pàdánù rẹ̀." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bí ìyá rẹ ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́nu mi. Bàbá àgbà rẹ wá fi búrẹ́dì dí ẹnu náà."

Mo ya ojú ìwé náà níṣojú rẹ̀, òfin ni. Òbìrí òfìfo náà ya sí méjì.

Ó ní, "Kásẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Báwo ni wọ́n ṣe ń ya ìyẹn?"

Mo gbé e jáde, ọwọ́ mi kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Mo ti ronú ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn láti lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní Èrúwà, kí n tọ́jú ọ̀kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ṣe é. Bí wọ́n bá ba èyí jẹ́, ẹnikẹ́ni kò tún ní rí bí bàbá mi àgbà ṣe ń rìn, bó ṣe ń na ọwọ́ sókè, bí etí fìlà yẹn ṣe ń jó nígbà tó bá ń sáré. Màmá wo ọwọ́ mi. Ó ní, "O fẹ́ràn rẹ̀."

"Mo fẹ́ràn rẹ̀, mà."

"Ó dáa. Má purọ́ fún mi bíi tiwọn." Ó mú sísọ́ọ̀sì. Mo gbé e fún un.

Ó fi ẹnu sísọ́ọ̀sì ṣí ìdérí kásẹ́ẹ̀tì náà, ó fa tépù dúdú inú rẹ̀ jáde, ó ń fà á, kò tán. "Èyí mà gùn o!" Ó wo ẹ̀yìnkùlé láti ojú fèrèsé. Ọkà bàbà rẹ̀ ti yọ orí, àwọn ẹga sì bo orí rẹ̀, wọ́n ń pariwo bí ọmọ iléèwé. Gbogbo àgbẹ̀ ìlú yìí ló mọ̀ pé tépù tí a ta sójú oko máa ń hu nínú atẹ́gùn, ẹyẹ kì í sì fẹ́ gbọ́ ọ. Ó ní, "Dìde. Ràn mí lọ́wọ́."

A ta á láti ọ̀pá sí ọ̀pá, títí dé ẹ̀yìn oko. Èmi ni mo ń tú u, òun ni ó ń so ó, bó ṣe ń so okùn ìdí ṣòkòtò. Atẹ́gùn dé. Tépù náà tàn nínú oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Gbogbo ẹga náà dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fọn sókè, wọ́n sá gba ọ̀nà oko ẹlòmíràn lọ láìdúró gbọ́ ohun tó fà á.

Màmá Ayétẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó rín títí ó fi di ọ̀pá mú. Mi ò mọ ìgbà tí mo na àtàǹpàkò tèmi jáde, bí ẹni tó fẹ́ kó tẹ nǹkan.

Ó nu ojú. Ó ní, "Gbé ọwọ́ rẹ sọ́hùn-ún. Ẹyẹ ni mo fi rín. Kì í ṣe bàbá àgbà rẹ."

A ṣì dúró síbẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n ni. Ó kí mi kú Jímọ̀ọ̀, ó ní gbogbo nǹkan ti wà ní sẹpẹ́, kásẹ́ẹ̀tì nìkan ni àwọn ń retí.

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. A ti lò ó."

"Kí lẹ wí?"

Màmá Ayétẹ̀ ti ń padà lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ó ní, "Tún un sọ."

Mo tún un sọ.